Ìlọ́po-ara àti Àṣetúnṣe: Ìtàn Nọ́ńbà Èjìká nínú Ìmọ̀ Ìṣirò, àti Bí A Ṣe Lè Kà Á ní Èdè Yorùbá

1. Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni nọ́ńbà kékeré tí àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń kọ sí òkè, ní apá ọ̀tún àmì kan, bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹrù lé èjìká. A ó máa pè é ní nọ́ńbà èjìká. Èyí tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àmì, a ó pè é ní nọ́ńbà ẹsẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé girama mọ̀ pé 5² ni 5 lọ́nà 5, àti pé 5³ ni 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé yunifásítì, tí wọ́n kọ T² sí ojú pátákó, tí T kì í sì í ṣe nọ́ńbà bí kò ṣe iṣẹ́ tí a ń ṣe sí nǹkan mìíràn, ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Nígbà mìíràn, ohun náà gan-an ni í ṣì í lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ náà "iṣẹ́" gba àlàyé díẹ̀. Ohun tí a ń pè ní iṣẹ́ níhìn-ín ni ìlànà kan tí a fi nǹkan lé lọ́wọ́, tí ó sì dá nǹkan mìíràn padà fún wa. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà ni ó ń gbà, àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì a máa pè é ní function. Bí ó bá jẹ́ pé function fúnra rẹ̀ ni ó ń gbà, wọ́n a pè é ní operator. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣe pàtàkì sí ohun tí a fẹ́ sọ, nítorí náà orúkọ kan ṣoṣo ni a ó lò fún méjèèjì.

Kí a mú àpẹẹrẹ láti ọjà. Ká ní ọjà kan wọ Mile 12 ní Kòsọ́fẹ́, tí iye rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,000. Ká ní ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó rà á ń fi ìdá kan nínú márùn-ún iye tí ó rà á lé e kí ó tó tà á fún ẹlòmíràn, títí tí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ní Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Kí a pe èlé yìí ní iṣẹ́ T. Lẹ́yìn T, ọjà náà di ₦1,200. Lẹ́yìn T², ó di ₦1,440. Lẹ́yìn T³, ó di ₦1,728. Bí ẹnì kan bá ka T² bí ó ti ń ka 5², yóò mú ₦1,200 lọ́nà ₦1,200, yóò sì bá 1,440,000 pàdé, èyí tí kì í tilẹ̀ í ṣe náírà mọ́, nítorí kò sí ẹni tí ń ná náírà tí a fi náírà sọ di púpọ̀. Kí a tún fi iṣẹ́ kejì kún un: S ni kí a fi ₦100 owó ọkọ̀ lé ọjà náà. Bí a bá ṣe S kí a tó ṣe T, ₦1,320 ni a ó rí. Bí a bá ṣe T kí a tó ṣe S, ₦1,300 ni. Nínú ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà, 3 lọ́nà 5 àti 5 lọ́nà 3 kò yàtọ̀. Nínú iṣẹ́, èyí tí ó ṣáájú ń sọ ohun tí yóò jáde.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ẹrù méjì ni nọ́ńbà èjìká ń rù: ìlọ́po-ara, èyí tí í ṣe kí a fi nǹkan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, àti àṣetúnṣe, èyí tí í ṣe kí a ṣe iṣẹ́ kan léraléra. Àwọn tí ó di ẹrù méjèèjì pọ̀ kò ṣe é nítorí àìbìkítà; wọ́n rí ìjọra kan tí ó ní èrè nínú. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tí yóò bá kọ́ ènìyàn ní ẹ̀ka ìṣirò tí a ń pè ní analysis ní èdè yìí mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ yá ti ẹlòmíràn.

2. Láti ọ̀dọ̀ Leibniz dé ọ̀dọ̀ Servois

Leibniz ará Jámánì ni ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1684 ni ó tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lórí kálíkúlọ́ọ̀sì, níbi tí ó ti lo lẹ́tà d fún iṣẹ́ tí ń mú ìyàtọ̀ tíntìntín jáde lára iye tí ń yí padà. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, a kọ ọ́ ní ddx. Nígbà tí ó yá, ó kó d méjèèjì jọ sí d²x. Newton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa to àmì tótò sórí lẹ́tà ní tirẹ̀: ẹyọ kan fún ẹ̀ẹ̀kan, ẹyọ méjì fún ẹ̀ẹ̀mejì. Ìlànà Newton kò lè da ẹnikẹ́ni lójú rú, ṣùgbọ́n ta ni yóò to tótò mẹ́tàdínlógún sórí lẹ́tà kan? Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé kò sí bí a ti lè fi kọ iye ìgbà tí a kò tíì mọ̀. Ọ̀dọ̀ Leibniz ni a ti rí àyè láti kọ n.

Ẹ̀rí pé Leibniz mọ̀ pé ẹrù méjì ni ó dì wà nínú àmì rẹ̀ tí a ṣì ń lò títí di òní: d²y/dx². Méjì wà lókè, méjì sì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Méjì òkè sọ pé a ṣe iṣẹ́ d sí y lẹ́ẹ̀mejì; méjì ìsàlẹ̀ sọ pé a fi dx sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti kọ àmì yìí fún ọdún púpọ̀ láìbéèrè ìdí tí nọ́ńbà náà fi jókòó lé d nínú ọ̀kan tí ó sì jókòó lé x nínú èkejì. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Ìjọra tí ó mú kí Leibniz di ẹrù méjèèjì pọ̀ hàn nínú àpilẹ̀kọ tí ó tẹ̀ jáde ní 1710. Bí a bá tú (a + b)² palẹ̀, a²  + 2ab + b² ni a ó rí. Bí a bá ṣe iṣẹ́ d lẹ́ẹ̀mejì sí xy, ohun tí ó jáde ni y·d²x + 2dx·dy + x·d²y. Nọ́ńbà 1, 2, 1 ni ó hàn nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì rí fún 3, fún 4, àti fún n èyíkéyìí. Ìlọ́po-ara àti àṣetúnṣe kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìrìn wọn jọra. Ẹni tí ó bá rí irú ìjọra bẹ́ẹ̀ tí kò sì fẹ́ kí àmì rẹ̀ fi í hàn, a jẹ́ pé kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò.

Ṣáájú ìgbà náà, nínú lẹ́tà tí ó kọ sí L'Hôpital ará Faransé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1695, ọ̀rọ̀ ti kan ohun tí dⁿ yóò jẹ́ bí n bá jẹ́ ìdajì. Leibniz rí i pé ọ̀rọ̀ náà ta kókó, ó sì gbà pé èrè yóò ti inú rẹ̀ jáde lọ́jọ́ iwájú. Kí a fi ìbéèrè yìí pamọ́ ná. A ó padà sí i.

Lẹ́yìn Leibniz, ohun tí ó kù ni kí iṣẹ́ gba òmìnira kúrò lára ohun tí a ń ṣe é sí. Ní 1772, Lagrange fi Δ, àmì iṣẹ́ tí ń mú ìyàtọ̀ jáde láàárín iye méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn, sínú ìdọ́gba bí ẹni pé nọ́ńbà ni. Arbogast, ará Strasbourg, ni ó ya iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ ní gbangba nínú ìwé tí ó kọ ní 1800. D dá dúró fúnra rẹ̀, Dⁿ sì di ohun tí a lè fi ọwọ́ mú. Nígbà tí ó di 1814, Servois béèrè ìdí tí a fi lè ṣe báyìí sí àmì iṣẹ́ kí ó má sì bàjẹ́. Nígbà tí ó ń wá ìdáhùn ni ó dá ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀ tí gbogbo ilé-ìwé ń lò lónìí: commutative, fún iṣẹ́ méjì tí kò bìkítà nípa èyí tí ó ṣáájú, àti distributive. T àti S ti ọjà wa kì í ṣe commutative, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i.

3. Herschel àti àríyànjiyàn lórí sin²

Ní 1812, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Cambridge dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Analytical Society. Lára wọn ni Charles Babbage, John Herschel àti George Peacock. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi tótò Newton sílẹ̀, kí ó gba d Leibniz. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé lórí àmì ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àmì jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré, kí ó ro èyí.

Ní 1813, Herschel kọ ohun kan tí ó dà bí ẹni pé ó kéré. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí d²x jẹ́ ddx, tí Δ³x sì jẹ́ ΔΔΔx, ó tọ́ kí sin²x jẹ́ sin(sin x), kí log³x sì jẹ́ log log log x. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí èyí tí ó kéré sí òdo: bí fⁿ bá jẹ́ kí a ṣe f ní ìgbà n, f⁰ ni kí a má ṣe é rárá, f⁻¹ sì ni kí a tú u padà. Báyìí ni sin⁻¹x ṣe di igun tí sin rẹ̀ jẹ́ x. Ní 1820, Herschel fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé Bürmann ará Jámánì ti ṣáájú òun lórí fⁿ, ṣùgbọ́n pé kò dà bí ẹni pé ó rí àǹfààní tí ó wà nínú lílo èrò náà fún sin⁻¹ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Babbage náà ti lo irú àmì yìí káàkiri nínú àròkọ tí ó kọ ní 1815 lórí ìṣirò àwọn function.

Èrò Herschel mọ́gbọ́n wá, àmọ́ àṣà kò tẹ̀lé e tán. Àwọn tí ń wọn ilẹ̀ àti àwọn tí ń wo ìràwọ̀ nílò sin x lọ́nà sin x ní ojoojúmọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nílò sin(sin x). Nítorí náà wọ́n fi sin²x sílẹ̀ fún ìlọ́po-ara. Gauss kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó fẹ́ kí a kọ ọ́ ní (sin x)², kí ó má baà jọ sin(sin x). Wọn kò gbọ́ tirẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n gba sin⁻¹ lọ́wọ́ Herschel. Àbájáde rẹ̀ ni pé lórí àmì kan náà, 2 ń sọ ìlọ́po-ara, −1 sì ń sọ àṣetúnṣe. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò àfọwọ́tẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lò, bọ́tìnì kan wà tí wọ́n kọ x⁻¹ sí, òmíràn wà tí wọ́n kọ sin⁻¹ sí. Èyí àkọ́kọ́ sọ pé kí a fi x pín 1. Èkejì kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ 1/sin x sí ibi tí a ti béèrè sin⁻¹x, a máa ń fa igi sí i lórí, a ó sì ní kò kàwé. Ní ojú tiwa, ó kàwé. Ohun tí bọ́tìnì kìíní kọ́ ọ ni ó lò fún èkejì.

Ti log kò yàtọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ nípa nọ́ńbà, àwọn òǹkọ̀wé kan sá fún log²x, wọ́n wá kọ log₂x fún log log x. Ẹni tí ó ti ìdí kọ̀ǹpútà wá yóò ka àmì kan náà sí log tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2. Ẹrù náà kàn kúrò ní èjìká bọ́ sí ẹsẹ̀ ni.

4. Ẹ̀rí láti inú òǹkà Yorùbá

Láti ìgbà tí Crowther ti to òǹkà wa sínú ìwé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Adolphus Mann sì kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ ní 1887, ohun tí ó máa ń ya àwọn àjèjì lẹ́nu ni iye ìgbà tí a ń yọ nǹkan kúrò. Johnson náà ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ohun tí a fẹ́ kí a wò níhìn-ín yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwọn: bí òǹkà náà ṣe ń to iṣẹ́ lé orí iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a tú 45 palẹ̀:

(1) márùndínláàádọ́ta: márùn-ún dín ní àádọ́ta
(2) àádọ́ta: ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta
(3) ọgọ́ta: ogún mẹ́ta

Iṣẹ́ mẹ́ta ni a ṣe sí ogún. A kọ́kọ́ fi mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀, a yọ ẹ̀wá, a sì wá yọ márùn-ún. Iṣẹ́ tí a ṣe kẹ́yìn ni a ń pè ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú f(g(h(x))), níbi tí h tí ó súnmọ́ x jù lọ ti ń ṣiṣẹ́ kí àwọn yòókù tó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ráhùn pé iṣẹ́ tí a tò láti ọ̀tún sí òsì ta ko ọ̀nà tí ojú ń gbà kàwé. Ẹni tí ó bá lè ka márùndínláàádọ́ta ti ń ṣe é láti kékeré.

Ohun kejì ṣe pàtàkì ju èyí lọ. A kì í pe 18 ní "ọ̀kan dín nínú ọ̀kan dín ní ogún". Méjìdínlógún ni à ń wí. Àṣetúnṣe iṣẹ́ kan náà ni a kó jọ, tí a sì fi nọ́ńbà kan rọ́pò rẹ̀. Kíkó jọ yìí ni Leibniz ṣe nígbà tí ó sọ ddx di d²x. Bákan náà ni a rí iṣẹ́ kan tí ó tún ara rẹ̀ ṣe láìsí pé a kó o jọ: igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ẹgbàáwàá, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́ kan. Bí a bá pe "fi mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀" ní M, M²(200) ni 20,000. Níhìn-ín, ẹ̀wá náà hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ náà, bí d ṣe hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú ddx.

Nísinsìnyí, báwo ni èdè náà ṣe ń sọ iye? Mẹ́ta ń ka nǹkan. Kẹta ń sọ ipò. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ìgbà mẹ́ta ń ka ìṣe. Ìlọ́po mẹ́ta ń sọ bí ohun kan ṣe tóbi sí ju òmíràn lọ. Kò sí Yorùbá tí yóò sọ pé òun jẹun ní ìlọ́po mẹ́ta nígbà tí ó fẹ́ sọ pé òun jẹun lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí nọ́ńbà èjìká dà pọ̀, ahọ́n wa kò dà á pọ̀. A gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìlọ́po mẹ́ta x kì í ṣe x³ bí kò ṣe 3x, ìdí nìyí tí a fi ń lo ìlọ́po-ara nínú iṣẹ́ yìí fún 5² àti 5³.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Láti 1970 ni Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó wà fún. Ẹni tí yóò bá ṣe irú rẹ̀ fún analysis yóò bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà power pàdé ní ojú ìwé àkọ́kọ́. Bí ó bá tú u sí agbára, tí ó sì lò ó fún 5² àti T² papọ̀, a jẹ́ pé ó ti fi owó ra ìdàrúdàpọ̀ tí kò sí nílé tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí a ka 5² sí ìlọ́po-ara kejì 5, kí a sì ka T²x sí "T sí x lẹ́ẹ̀mejì". Kí a ka T⁻¹ sí "ìtúpadà T". D²y/dx², tí a bá fẹ́ kà á ní kíkún, yóò wá gba ẹ̀ẹ̀mejì lókè àti ìlọ́po-ara nísàlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì gbọ́ ìyàtọ̀ náà ní etí kí ó tó fi ojú rí i.

5. Ìgbà tí a kò lè kà: iṣẹ́ Ìbàdàn

Ibì kan wà tí ẹ̀ẹ̀mẹta kò ti lè tẹ̀ lé wa lọ. A kò lè ṣe nǹkan ní ẹ̀ẹ̀ ìdajì. Ìbéèrè 1695 nìyí, ó sì dà bí ẹni pé èdè wa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí a wo ọ̀nà tí analysis gbà ní ọ̀rúndún ogún. Ní 1948, Hille ní Amẹ́ríkà àti Yosida ní Japan fi ẹsẹ̀ ẹ̀kọ́ kan múlẹ̀ lórí ohun tí a ń pè ní semigroup of operators. Kàkà kí a kọ Tⁿ, tí n jẹ́ 1, 2, 3, T(t) ni a ń kọ, t sì lè jẹ́ nọ́ńbà èyíkéyìí tí kò kéré sí òdo. Òfin tí ó so ó pọ̀ ni pé T(s + t) jẹ́ T(t) tí a ṣe, tí a sì wá ṣe T(s) lé e. Nọ́ńbà náà ti sọ̀kalẹ̀ ní èjìká, ó ti wọ inú àkámọ́. Bí a bá fi irin kan sílẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ki apá kan rẹ̀ bọ iná, T(3) yóò sọ bí ooru yóò ti tàn ká inú irin náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, T(½) yóò sì sọ ti ìdajì ìṣẹ́jú. Bí a bá ṣe T(½) lẹ́ẹ̀mejì, T(1) ni a ó rí.

Adégòkè Olúbúmmọ̀, ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1955, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó gbin functional analysis sí ilẹ̀ wa. Láàárín 1970 sí 1979, òun àti V. A. Babalọlá ṣiṣẹ́ lórí irú semigroup yìí. Ohun tí ó wú wa lórí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé t yìí ni àwọn onímọ̀ máa ń pè ní àsìkò, nígbà tí n jẹ́ iye ẹ̀ẹ̀ lásán. Ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń gbé méjèèjì. A ń wí pé ìgbà mẹ́ta ni ó wá, a sì ń wí pé ìgbà pẹ́. Nítorí náà ìgbà ni ó yẹ kí a fi ka n nínú Tⁿ ní ibi tí a bá ti mọ̀ pé a ó kọjá sí T(t) lọ́la, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ní yí padà nígbà tí iye náà kò bá ṣeé kà mọ́. Ẹ̀ẹ̀ yóò kú sí ojú ọ̀nà.

6. Ojú ìwé kan láti ọwọ́ Chidume

Kí a fi ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù lọ dán ìlànà yìí wò. Charles Chidume, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nsukka nígbà kan rí, tí ó di olóògbé ní 2021, ni a mọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ wa nínú ẹ̀kọ́ bí a ṣe lè fi àṣetúnṣe wá ojúlé kan tí iṣẹ́ T kò lè yí padà, ìyẹn x tí Tx jẹ́ x. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1987 àti ìwé rẹ̀ ti 2009 wà káàkiri. Banach ti fi hàn ní 1922 pé bí T bá ń súnmọ́ ohun méjèèjì tí a bá fi fún un pọ̀ ní ìwọ̀n tí kò yí padà, Tⁿx₀ yóò gbé wa dé ojúlé náà. Níbi tí T kò bá ní ìwà bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni a ní láti gbà. Mann mú ọ̀kan wá ní 1953, Schu sì mú ọ̀kan wá ní 1991 fún irú iṣẹ́ tí Goebel àti Kirk ti ṣàpèjúwe ní 1972:

(4) xₙ₊₁ = (1 − αₙ)xₙ + αₙTxₙ
(5) xₙ₊₁ = (1 − αₙ)xₙ + αₙTⁿxₙ

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín (4) àti (5) kò ju lẹ́tà kékeré kan lọ ní èjìká T. Ṣùgbọ́n bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti n = 1, tí a sì ṣe ìṣísẹ̀ márùn-ún, (4) yóò gbà wá ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láti ṣe T; (5) yóò gbà wá ní ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, nítorí pé 1 + 2 + 3 + 4 + 5 ni. Lẹ́tà n kan náà ni ó sì wà ní ẹsẹ̀ x, ní ẹsẹ̀ α, àti ní èjìká T. Ní ẹsẹ̀, ipò ni ó ń sọ. Ní èjìká, ìgbà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ka (5) ní Gẹ̀ẹ́sì, "n" lásán ni yóò máa pè, lẹ́ẹ̀mẹfà láì yí ohùn padà. Ní Yorùbá, kò sí bí a ti lè kà á kí a má yí i. Nígbà tí n bá jẹ́ 5, a ó sọ pé: mú x karùn-ún, ṣe T sí i nígbà márùn-ún, mú ìwọ̀n α karùn-ún nínú ohun tí ó jáde, mú ìyókù ìwọ̀n náà nínú x karùn-ún tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ, pa méjèèjì pọ̀, ó di x kẹfà.